Ọsibítù, onífísíò tó ń wá sílé, àbí ẹbí nìkan? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kí ara padà bọ̀ sípò ní Èkó

Ẹnìkan nínú ẹbí ti ọsibítù dé. Ọwọ́ òsì kò gbé dáadáa, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irin so eegun itan rẹ̀ pọ̀, tàbí orúnkún ń dun màmá débi pé àtẹ̀gùn ilé ti di ogun. Ọ̀rọ̀ á wá pín sí mẹ́ta nínú ilé. Àwọn kan á ní ká máa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Àwọn kan á ní ká pe onífísíò, ẹni tó ń fi ìdánrawò mú ara padà bọ̀ sípò, wá sílé. Àwọn tó kù á ní owó dà, ẹ jẹ́ ká máa ṣe é fúnra wa. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fẹ́ fi wéra níbí, àìsàn sí àìsàn, pẹ̀lú ohun tí àwọn ìwádìí ńlá ti rí láàárín nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ohun kan ń yọjú nínú ọ̀pọ̀ wọn: ohun tí wọ́n bá fi kọ́ ara léraléra ni ara ń mọ̀. Nítorí náà, iye ìgbà tí aláìsàn yóò ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ fi yan ọ̀nà. Ẹ má wo ẹwà ilé ìtọ́jú, ẹ má sì wo bí ẹ̀rọ ṣe tóbi tó.

Ẹ ṣírò wákàtí kí ẹ tó ṣírò owó

Ìwádìí kan tó jáde ní 2009 jókòó ti ìtọ́jú àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ (stroke) nígbà 312, wọ́n ń ka ohun tí aláìsàn ń ṣe. Níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ gidi, bíi kí ó mú ife tàbí kí ó gbé nǹkan, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ìgbà 32 péré ní ìjókòó kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lójúmọ́ ni wọ́n sì máa ń mú ẹranko ṣe é nínú àwọn ìwádìí tí ọpọlọ ti yí padà. Ní 2023, àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ní rọpárọsẹ̀ yẹ kó máa rí ìtọ́jú wákàtí 3 lójúmọ́, ó kéré tán, fún ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Wákàtí 15 nìyẹn.

Ẹ wá mú un wá sí Èkó. Ẹni tó ń gbé ní Ajah tó ń lọ sí ọsibítù eegun ní Igbobi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó ń lo ìṣẹ́jú 45 ní yàrá ìtọ́jú nígbà kọ̀ọ̀kan, ó ti rí wákàtí kan àbọ̀. Wákàtí 13 àbọ̀ ṣì kù nílẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland nìkan sì lè gbà ju àkókò ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ lọ. Aláìsàn tó ti fi wákàtí méjì jókòó nínú ooru ọkọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ onífísíò pẹ̀lú àárẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣe nígbà 30, á ṣe é nígbà 10. Èyí kò ní kí ẹ má lọ sí ọsibítù o. Ohun tó ń sọ ni pé ọsibítù nìkan kò lè tó, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń tọ́jú yín láìfún yín ní iṣẹ́ ilé ń fi ohun tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà sílẹ̀.

| | Ọsibítù (LUTH, LASUTH, Igbobi, Ọsibítù Gbogboogbò ní Ọ̀dàn) | Onífísíò tó ń wá sílé | Ẹbí nìkan |
|---|---|---|---|
| Agbára rẹ̀ | Dókítà, nọ́ọ̀sì àti físíò wà pa pọ̀. Wọ́n lè tètè rí ewu | Ó ń kọ́ni lórí àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìwẹ̀ tí aláìsàn ń lò gan-an | Ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí owó ọkọ̀ |
| Ibi tó ti ń já | Ìrìn àjò, ìlà gígùn, àkókò kúkúrú | Owó. Ẹlòmíràn kàn ń fọwọ́ ra ara, ó ń lọ | Wọn kì í mú ìdánrawò le sí i. Wọ́n máa ń fa apá |
| Ìgbà tó dáa jù | Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkàn, mímí, eegun tuntun | Láti ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta lọ | Láàárín ọjọ́ tí onífísíò kò sí |

Rọpárọsẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí ibí náà ni owó ti ń ṣòfò jù.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní tirẹ̀. Ìwádìí AVERT, tó jáde ní 2015, gba ènìyàn 2104 ní ọsibítù 56 ní orílẹ̀-èdè 5. Wọ́n gbé àwọn kan dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí wákàtí 24 tó pé, wọ́n sì mú wọn ṣe púpọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló rí ara gbà dáadáa. Láàárín àwọn tí wọ́n rọra bá lò, ó jẹ́ 50. Nígbà tí wọ́n tún yẹ àkọsílẹ̀ náà wò, wọ́n rí i pé kí ó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ léraléra dára ju kí ó ṣe é fún àkókò gígùn lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá ń fi agbára gbé aláìsàn dìde lálẹ́ ọjọ́ tó dé wọ́ọ̀dù, “kí ara má bàa kú”, ẹ dá wọn dúró. Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù ló yẹ kó sọ ìgbà tí yóò dìde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e ni ti ẹ̀rọ. Àwọn ilé ìtọ́jú kan ní Victoria Island àti Ikeja máa ń polówó ẹ̀rọ tó ń gbéni rọ̀ tí èèyàn fi ń rìn lórí rọ́bà tó ń yí, tàbí róbọ́ọ̀tì tó ń gbé apá. Ìwádìí LEAPS ní 2011 fi ẹ̀rọ ìrìn yẹn wé ìdánrawò tí onífísíò ń wá ṣe nílé aláìsàn: agbára ẹsẹ̀ àti ìdúróṣinṣin, kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan níbẹ̀. Ènìyàn 408 ni. Lẹ́yìn ọdún kan, 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti gòkè ní bí wọ́n ṣe ń rìn, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó lo ẹ̀rọ àti ẹni tó ṣe é nílé. RATULS ní 2019, pẹ̀lú ènìyàn 770 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé róbọ́ọ̀tì apá kò mú kí ọwọ́ wúlò ju ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdájọ́ tiwa lórí èyí kò ní tàbí-ṣùgbọ́n: bí owó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ gbé owó ẹ̀rọ fún onífísíò tó ń wá sílé, kó lè wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀kan.

Ṣé ẹbí nìkan kò lè ṣe é? Wọ́n dán èyí náà wò ní Íńdíà. Nínú ìwádìí ATTEND (2017), wọ́n kọ́ ẹbí ní ọsibítù 14 bí wọ́n ṣe máa tọ́jú aláìsàn nílé, ènìyàn 1250 ló kópa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá kan náà, 47 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ló kú tàbí tó ṣì ń gbára lé ẹlòmíràn. Ìfẹ́ wà, iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kò pọ̀ tó láti sọ ẹbí di onífísíò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìdánrawò kan náà ni wọ́n á sì máa ṣe fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí aláìsàn ti kọjá a ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wá mú un le sí i.

Fóònù lè ràn yín lọ́wọ́ níbí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní 2019, wọ́n fi ìtọ́jú ọwọ́ tí wọ́n ń darí láti orí ẹ̀rọ ayélujára wé èyí tí wọ́n ń ṣe lójúkojú: ènìyàn 124, ìjókòó 36, ìṣẹ́jú 70 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tilé kò rẹ̀yìn sí ti ilé ìtọ́jú. Fún ẹni tó wà ní Ìkòròdú tàbí Badagry, kí onífísíò wá lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì máa wo aláìsàn lórí fídíò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, jẹ́ ètò tó dára. Ẹ gbé fóònù sí ibi tí onífísíò ti lè rí àtẹ́lẹsẹ̀ àti èjìká pọ̀. Ojú nìkan kò wúlò fún un. Bí iná kò bá sí, ẹ ká fídíò náà sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tó bá dé.

Ọwọ́ nìyí. Bí aláìsàn bá lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè díẹ̀, tí àwọn ìka sì lè là fúnra wọn, ọ̀nà tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni kí ẹ dí ọwọ́ tó dá, kí èyí tó rẹ̀ lè ṣiṣẹ́. EXCITE (2006) ṣe é fún ènìyàn 222, oṣù 3 sí 9 lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: wọ́n fi ìbọ̀wọ́ dí ọwọ́ tó dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, fún nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí ojú là, wọ́n sì ń kọ́ ọwọ́ tó rẹ̀ fún wákàtí tó lè tó 6 lójúmọ́. Nílé, ẹ lè dín in kù sí wákàtí 2 tàbí 3, pẹ̀lú iṣẹ́ gidi: ṣíṣa ẹ̀wà sínú abọ́, pípa aṣọ pọ̀, dídé orí ìgò. Ẹ yọ ìbọ̀wọ́ náà kí ó tó rìn, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí ó tó dúró ti iná. Bí ó bá ṣubú, ọwọ́ tó dá ló máa fi di nǹkan mú. Bí àwọn ìka kò bá là rárá, èyí kò tíì kan yín. Ẹ lo dígí dípò rẹ̀: dígí kan tó ga tó apá, kí ó dúró láàárín ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ tó dá níwájú rẹ̀, èyí tó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aláìsàn á máa wo dígí, á máa là, á máa pa ọwọ́ tó dá, á sì máa gbìyànjú kí èyí tó wà lẹ́yìn ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́.

Ẹ má fa apá tó rẹ̀ láé. Iṣan tó ń di eegun apá mú nínú èjìká ti rọ̀. Bí ẹ bá fà á láti gbé e dìde, orí eegun lè yọ kúrò lójú ihò, ìrora tó máa tẹ̀ lé e lè gba oṣù púpọ̀. Okùn tí wọ́n gbé kọ́ òrùlé kí aláìsàn máa fi ọwọ́ kan fa èkejì sókè ń ṣe irú ìpalára kan náà. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ apá náà bí ó bá jókòó. Omi gbígbóná tí ẹ fi ń tẹ ẹ́, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara yín dán an wò ná, nítorí ara tí kò mọ nǹkan lára yóò jóná láìké.

Ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹ wọ̀n ọ́n kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ti òkè bá ju 200 lọ, tàbí ti ìsàlẹ̀ ju 110, ẹ fi ti ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ pe dókítà. Nípa oògùn fluoxetine tí àwọn kan ń rà pé ó ń jí ọwọ́: ìwádìí FOCUS (2019), ènìyàn 3127, kò rí i pé ó mú ara padà, eegun àwọn tó lò ó sì ń ṣẹ́ jù.

Ìdánrawò kan ṣoṣo tí a máa fún gbogbo ilé, tí wọn ò bá rí òmíràn ṣe, ni dídìde lórí àga. Àga onígi tó dúró ṣinṣin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, tó ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50. Àga ọ̀rá kò dáa, ó ń yọ̀ lórí táìsì. Ẹ fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kí wọ́n wọ abẹ́ orúnkún, kí ti ọ̀dọ̀ tó rẹ̀ wà sẹ́yìn díẹ̀ ju èkejì lọ. Ìyẹn ni yóò fipá mú un ṣiṣẹ́. Kí ó tẹ síwájú títí imú yóò fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ó tó dìde. Bí ó bá ń ṣubú padà sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jìnnà jù síwájú. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ tó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ní ìbàdí aláìsàn. Ìgbà 10, kí ó sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìgbà 60 lójúmọ́ nìyẹn. Nígbà tí ó bá lè ṣe 10 láìfi ọwọ́ ti ara, bí ìrọ̀rí bá wà lórí àga, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ó lè rẹlẹ̀.

Orúnkún àti ẹ̀yìn

Fún orúnkún tó ti gbó, ohun tí wọ́n sábà máa ń fi wéra ní Èkó ni abẹ́rẹ́ àti ìdánrawò. Ní 2020, ìwádìí kan fi físíò wé abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì fún ènìyàn 156. Lórí òṣùwọ̀n ìrora, líle oríkèé àti ìnira iṣẹ́ ojoojúmọ́, tí 0 jẹ́ àìsí wọn, tí 240 jẹ́ èyí tó burú jù, àwọn tó gba físíò wà ní 37.0 lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ wà ní 55.8. Àwọn ẹ̀rọ iná kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orúnkún, àjọ NICE ní 2022 ní kí wọ́n má fi wọ́n tọ́jú orúnkún tó gbó, nítorí ẹ̀rí kò tó. Ẹ yan ibi tí màmá ti máa lo iṣan rẹ̀. Bí ó bá kàn ń dùbúlẹ̀ fún iná àti ìfọwọ́ra, kò yẹ kí ẹ san owó kejì.

Ìdánrawò ilé: dídìde lórí àga bí a ti sọ ọ́, àti gígun ìpele. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́fà tí ẹ bá dà dùbúlẹ̀, kí ihò rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́, ga tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi ti ògiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó di ògiri mú, kí ó gun un ní ìgbà 8 sí 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Yóò dùn díẹ̀, ìyẹn kò burú. Kí màmá fún ìrora ní máàkì láti 0 sí 10: bí kò bá kọjá 5, tí ó sì ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, kí ó máa bá a lọ. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dín gíga ìpele kù, ẹ má dá iṣẹ́ náà dúró. Ìdádúró ni ó ń pa orúnkún, iṣan itan á rù, ẹrù á wá kúkú bọ́ sórí oríkèé náà.

Ẹ̀yìn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn tí wọ́n ń tà ní Balogun àti Ìdúmọ̀tà, àti fífa ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ, wà lára ohun tí NICE ní kí wọ́n má lò (2016). Ìrìn ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí WalkBack ní Ọsirélíà (2024), ènìyàn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san: àwọn tí onífísíò ń tọ́ sọ́nà láti máa rìn, ìdajì wọn kò rí ìrora padà kí ọjọ́ 208 tó pé, fún àwọn tí wọn kò tọ́jú, ọjọ́ 112 ni. Ète ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ẹ lè fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀. Níbí, ẹbí tàbí ẹni tó ní ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ lè ṣe é, onífísíò kan lóṣù kan tó. Àmọ́ bí abẹ́ bá ń kú, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ̀, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Eegun tó ṣẹ́

Àwọn tó ń to eegun wà káàkiri Èkó, owó wọn kéré, wọ́n sì máa ń tètè gbani. Ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni igi tí wọ́n so le jù. Ara tó wú nínú okùn kò ní ibi tí yóò lọ, ẹ̀jẹ̀ kò ní kọjá, iṣan lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí díẹ̀, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà sì lè rà. Ẹni tí ìka rẹ̀ tutù, tó ń dúdú, tó ń kú, tàbí tí ìrora rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ẹ bá na ìka, ẹ tú okùn náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró de ẹni tó so ó, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Eegun tó yọ síta, ti ìbàdí, ti ẹ̀yìn àti ti ọmọdé ní ìgbọ̀nwọ́, ìwọ̀nyí kì í ṣe ti wọn rárá. Igbobi wà fún irú iṣẹ́ yìí: nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ láti máa mú àwọn ọmọ ogun tó fara pa padà bọ̀ sípò.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, onífísíò ilé wúlò púpọ̀, tí ẹ bá gba ìwé kan lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ kí ẹ tó kúrò: ẹrù mélòó ni ẹsẹ̀ náà lè gbà? Kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ rárá, díẹ̀ ni, ìdajì ni, àbí gbogbo rẹ̀? Bí wọ́n bá sọ pé kìlógírámù 20, ẹ gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ náà tẹ̀ ẹ́, kí ó mọ bí 20 ṣe ń ṣe é lára. Igi abẹ́ abíyá gbọ́dọ̀ dúró sí ìka 2 sí 3 ní ìsàlẹ̀ abíyá, ọwọ́ ló ń ru ẹrù, bí abíyá bá ń ru ú, ọrùn ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ yẹ rọ́bà ìdí igi náà wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó ti jẹ lórí táìsì tútù ló ń gbé èèyàn ṣubú. Fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìsàlẹ̀ Èkó: ẹsẹ̀ tó dá ló ń ṣáájú bí ó bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó ń dùn ló ń ṣáájú bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọkàn àti mímí

Níbí, ọsibítù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan mìíràn fún yín. Ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́: REHAB-HF (2021) gba àgbàlagbà 349 tí ọkàn wọn kò lágbára, ìdánrawò ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 sì mú ara wọn le ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, àkójọ ìwádìí 65 ní 2015 fi hàn pé mímí ń rọrùn, ìgbésí ayé sì ń dára. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan ti mọ ibi tí ọkàn lè dé kí ó tó máa ṣe é nílé.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́

Ẹ wọn mítà 10 ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí níwájú ilé, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kí ẹ fi fóònù ka àkókò. Bí ó bá gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá 25 lọ, nínú ilé ni aláìsàn ṣì wà. Bí ó bá jẹ́ 12 àbọ̀ tàbí kí ó dín, ó ń súnmọ́ ìrìn tó lè fi gba ojú títì kọjá, ó lè máa kọ́ gígun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lórí Ikorodu Road pẹ̀lú ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye ìgbà tí ó lè dìde lórí àga ní ìṣẹ́jú-àáyá 30.

Kí ẹ tó gba onífísíò sílé, ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, ẹ sì wò ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́: ṣé ó wọn nǹkan kan, ṣé ó mú aláìsàn ṣe nǹkan fúnra rẹ̀, ṣé ó fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ ní àkọsílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé òróró àti ìfọwọ́ra ni gbogbo wákàtí náà, ẹ wá ẹlòmíràn. Bí ó bá ṣe é dáadáa, tí iye tí ẹ ń kọ kò sì yí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí òun fúnra rẹ̀ yí ìdánrawò padà tàbí kí ó ní kí ẹ padà sí ọsibítù fún àyẹ̀wò. Bí iye náà bá ń burú sí i lójijì, tí ojú wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ẹ má dúró de ọjọ́ ìtọ́jú tó ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó súnmọ́ yín jù, kí ẹ sì sọ fún wọn aago tí ẹ kẹ́yìn rí i tí ara rẹ̀ dá.